Má Tíì Gbé Àpótí Báàsì Kejì sí Kọ̀rọ̀ Ojú Ọ̀sà

Ìkéré,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Má tíì gbé àpótí báàsì kejì sí kọ̀rọ̀ tó kọjú sí ọ̀sà. Bí o bá ti gbé e síbẹ̀, má tàn án. Bí o bá ti tàn án, pa á, jáde, kí o sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà. Mo kọ ìyẹn ṣáájú ìkíni nítorí mo mọ̀ ọ́. O máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mi, o máa ń fo àárín rẹ̀, wàá sì wo ìparí bóyá mo béèrè nǹkan.

Mo wá lè kí ọ wàyí. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ṣé yàrá tí o gbà ní Ajido kò jò, torí òjò etíkun kì í rọ̀ bíi ti ilé wa? Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún mi ọ̀tún ti wú láti ọjọ́ mẹ́jọ, epo mọ́tò sì ti wọ́n débi pé àwọn awakọ̀ ń sùn ti mọ́tò wọn ní ilé epo. Ká ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni ìwọ ìbá rí lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe lẹ́tà. Tíṣà Ọlá tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Badagry ló bá mi mú un wá, pẹ̀lú ẹrù gígùn kan tí mo fi aṣọ wé. Màá sọ ohun tí ẹrù náà wà fún.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka lẹ́tà rẹ. Nígbà àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mo pariwo pe ìyá rẹ láti ìdí ààrò. Ọmọ wa ríṣẹ́ ní àkókò tí wọ́n ń fún ọmọ ẹlòmíràn ní ìwé ìdádúró, iṣẹ́ tí èmi náà ṣe rí sì ni, nínú yàrá ìgbọ́rin tí èmi fúnra mi tò, ní ilé àtijọ́ tó wà láàárín Ajido àti Ìwòrò. Ọ̀gá mi ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti ṣí ibẹ̀ padà, ó sì ní kí o tún àwọn sípíkà náà ṣe kí wọ́n lè máa sọ òótọ́ fún ẹni tó bá ń gbọ́ wọn. Nígbà kejì tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, torí o ní o rí ohun tí mo fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn ampilifáyà pé, “Ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Nígbà kẹta ni mo tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀. O ní báàsì yàrá náà, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń mi àyà, kò péye. O ní ẹnì kan ti fa àwọn ohùn kan lulẹ̀ pátápátá, pé o máa dá wọn padà, pé o tún máa fi àpótí báàsì kejì kún un ní kọ̀rọ̀ ojú ọ̀sà, níbi tí báàsì ti máa ń kún jù, kí ó lè parí kí ọ̀gá rẹ tó kó àwọn olórin àti àlejò jọ síbẹ̀ ní ìparí oṣù. O ní ilẹ̀ sán lábẹ́ rọ́ọ̀gì ní kọ̀rọ̀ náà, àti pé o ti ní kí wọ́n fi símẹ́ǹtì dí i.

Nígbà kẹrin ni mo tó fara balẹ̀ ka ohun tí o kọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn tí o ti fọwọ́ sí ìwé náà, bí ẹni ń ṣàwàdà. O ní tí o bá pa gbogbo ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan, o máa ń gbọ́ bí ẹni ń fi imú kọrin, o sì fi sólfà kọ orin náà ránṣẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín. N kò tíì rẹ́rìn-ín, Àbẹ̀kẹ́. Màá padà sórí ìyẹn.

Mo mọ̀ pé ò ń sọ nínú ara rẹ pé bàbá mi tún ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi ni n kò jẹ́ kí o wẹ̀ lódò títí o fi pé ọmọ ogún ọdún. Èmi ni mo máa ń dìde yẹ ìdí ààrò wò lẹ́yìn tí ìyá rẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọmọ ìyá àwọn yẹn. Èyí ní ibi tó ti wá, ọwọ́ mi ni mo sì fi bò ó mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra, kí n sì máa fi ìmọ̀ràn tí mo ní kún un bí mo ṣe ń lọ, torí èmi ò mọ ìgbà tí n óò tún lè kọ ìwé tó gùn tó báyìí.

Èkíní, má ṣe fi ojú wọn ohun tí etí máa gbọ́. Nígbà tí mo dé ilé náà, ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì ti kọ́ àtúnṣe rédíò lọ́dọ̀ ẹnì kan l'Ákùúrẹ́, mo wá rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Mo gbé sípíkà ńlá méjèèjì kalẹ̀, mo wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, mo ní wọ́n dọ́gba. Olórin tí a kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀ ń dún láti apá òsì, bí ẹni tó yíjú kúrò lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú sípíkà òsì palẹ̀. Ohun tó ṣe é kò ju pé ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan sún mọ́ àga olùgbọ́ ju ìkejì lọ. Nítorí náà, wá okùn ìpẹja, so ó mọ́ ẹ̀yìn àga níbi tí etí máa dé, nà án dé iwájú sípíkà kọ̀ọ̀kan, kí gígùn rẹ̀ má yàtọ̀. Bákan náà ni láàárín ènìyàn. Ẹni tó sún mọ́ ọ jù ni wàá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ jù. Ìyẹn kò sọ ọ́ di olóòótọ́.

Èkejì, má fi agbára kún ohun tí o kò tíì mọ ibi tó kọjú sí. Ọ̀gá mi wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní báàsì kò tó. Ojú ọ̀gá ni mo ń wò nígbà náà, mo bá yí i sókè. Ó tún ní kò tó. Mo tún yí i sókè títí gíláàsì fèrèsé fi ń gbọ̀n, àárín yàrá sì ṣófo síbẹ̀. Mo ti so okùn tó ń gbé ohùn wọ àpótí báàsì sódì. Nígbà tí àwọn sípíkà yòókù bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, òun ń fà á sẹ́yìn. Bí o bá ti rí ẹni méjì nínú ọkọ̀ ọ̀sà, tí ọ̀kan ń wà síwájú, tí èkejì ń wà sẹ́yìn, wàá mọ ohun tí mo ń sọ. Omi á ru, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Lo téèpù ìdánwò, wá ohùn tí àpótí báàsì àti àwọn sípíkà jọ ń gbé, yí okùn náà padà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì fi í sílẹ̀ sí ọ̀nà tí ohùn náà ti kún jù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó sọ̀rọ̀ ìyísókè. Bí o bá ń fẹ́ ọkọ lọ́la, rántí ọkọ̀ yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀rọ ìwọ̀n ohùn. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní, ó kéré bíi rédíò alápò. Mo gbé e lọ sí Badagry lọ tún un ṣe, sójà kan sì dá mi dúró níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Ó bi mí pé kí lèyí ń wọ̀n. Mo ní ariwo ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ta ló rán ọ láti máa wọn ariwo wa?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Ọmọ mi, má ṣe ṣàlàyé fún ẹni tó gbé ìbọn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé sí i ni mo ń jọ ẹni tó fẹ́ gba ìjọba. Wọ́n gba ẹ̀rọ náà, wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ni. A kò rí òmíràn rà, torí nǹkan òkè òkun kò wọlé mọ́ nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń lọ tọrọ ìwé àṣẹ, wọ́n á sì ní kó padà wá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi etí àti orúnkún ṣe ìyókù iṣẹ́ náà.

Mo sọ pé orúnkún. O ti kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, mo mọ̀. Wàá gbé àpótí báàsì sórí àga olùgbọ́, wàá fi orin báàsì sí i, wàá wá máa rá kiri ẹ̀bá ògiri títí wàá fi rí ibi tí báàsì ti mọ́ jù. Ibẹ̀ ni wàá gbé àpótí sí. Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni mo rá. Òòrùn mú, ilé dá, àwọn yòókù ti lọ jẹun, òkun ń hó lọ́ọ̀ọ́kán bó ti máa ń hó. Gbogbo ẹ̀bá ògiri ni mo rá kọjá, kò sí ohun tó ṣe mí. Nígbà tí mo dé kọ̀rọ̀ ojú ọ̀sà, báàsì náà kún mi láyà bí ẹni mu omi yó. Mo ní mo ti rí ibi tó yẹ. Mo na ọwọ́, mo pa téèpù.

Ohùn náà kò dúró.

Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí mo ka ẹ̀rin ni ó rọra lọ. Mo tún tan téèpù, mo tún pa á. Bákan náà. Mo yọ wáyà ampilifáyà kúrò lára iná pátápátá, mo wá sọ ẹyọ ohùn náà láti ẹnu ara mi, nísàlẹ̀ ọ̀fun. Kọ̀rọ̀ náà dá mi lóhùn.

Mo ní yàrá ni, pé gbogbo yàrá ló ní ohùn tó fẹ́ràn. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. O ti rí ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnì mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ohùn kan sókè tàbí fà á lulẹ̀. Mo fa bọ́tìnì kẹrin láti apá òsì lulẹ̀, kọ̀rọ̀ náà sì dákẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé, “Ó ti tán.” Inú ọ̀gá dùn. Ó pe àwọn ènìyàn wá gbọ́ ọ, ó ní ọmọ Èkìtì òun ni etí rẹ̀ já geere jù ní gbogbo Èkó. Ìyìn yẹn ló pa mí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ohùn náà padà, ṣùgbọ́n kò sí níbi tí mo fi í sí mọ́. Ó ti gòkè díẹ̀. Bọ́tìnì karùn-ún ni mo fà nígbà yìí. Nígbà tí òjò wá ń rọ̀ láìdá, ó ti dé ìdí ìkẹfà. Oṣù dé, oṣù lọ, mò ń lé ohùn kan gun òkè bí ẹni ń lé ewúrẹ́ gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi, mo wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé náà láìmọ̀ pé ti orin ni, ohun tó máa rò ni pé nǹkan kan wà nísàlẹ̀ tó ń bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń kọ ibi tó dé sílẹ̀.

Nínú oṣù tí ohùn náà dé ìdí ìkẹfà ni Sẹ̀nàmí wá. Ọmọ Badagry ni, olórin tí ohùn rẹ̀ tutù, kì í sì í rojọ́. Òun nìkan ló kọ orin tí a gbà sílẹ̀ fún un, láìsí elégbè kankan. Ó wá gbọ́ ọ lọ́sàn-án, ó jókòó sórí àga olùgbọ́, èmi sì wà nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ibi tí orin náà ti ń yí padà, ó bojú wẹ̀yìn.

“Bùrọ̀dá, ta lẹ ní kó máa gbè é?”

Mo ní kò sí ẹnì kankan. Ó ní kí n pa á. Mo pa á, òun sì ń gbọ́ síbẹ̀, orí rẹ̀ dà sí apá kọ̀rọ̀ ojú ọ̀sà. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, tàbí kí n sọ pé n kò fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dìde, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun.

“Kò gbè é. Ó ń kọ́ orin náà ni.”

Ó gba téèpù náà lọ́wọ́ mi, ẹyọ kan ṣoṣo tó wà. Níta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, ó fà á yọ bí ẹni ń fa ìfun ẹja, ó sì jù ú sínú iná. N kò gbọ́ kó kọ orin náà mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n àyàfi èmi.

Ọjọ́ kẹta ìyẹn ni mo dojú bolẹ̀ ní kọ̀rọ̀ náà, mo fi etí lẹ símẹ́ǹtì. Àgbà Hùnsù tó máa ń gbé ẹja wá fún ilé ìdáná ọ̀gá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Apẹja Ajido ni, ọmọ Ègùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀ àfi tó bá fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

“Ọmọ òkè, ta lò ń kí nísàlẹ̀?”

Mo sọ fún un pé ohùn kan ni mò ń wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá ń wá ẹja kì í fi etí lásán wá a, ó sì lọ mú àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ rẹ̀ wá. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é lórí ọ̀sà. Wọ́n á ti abẹ àjẹ̀ bọ omi, wọ́n á fi etí sí orí ọ̀pá rẹ̀, igi náà á sì gbé ìró ẹja tó ń kùn nísàlẹ̀ wá bá wọn, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n máa ju àwọ̀n sí. Àgbà Hùnsù fi abẹ àjẹ̀ náà kan ilẹ̀, ó tẹ etí mọ́ orí rẹ̀. Ìṣojú mi ni ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sún fún mi kí n gbọ́.

Ohun tí mo gbọ́ ni omi. Ó ń lá nǹkan lábẹ́ wa, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ajá ṣe ń lá àwo.

Ó ní kànga ni. Ìyá bàbá òun ti pọn omi níbẹ̀ nígbà tí ilé náà ṣì jẹ́ ti àwọn oníṣòwò epo pupa, tí ibi tí a dúró sí sì jẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Omi ọ̀sà wọ inú rẹ̀, ó di oníyọ̀. Wọ́n retí pé adùn rẹ̀ á padà, wọn ò sì kó iyẹ̀pẹ̀ dí i. Wọ́n kàn kó ìtì àgbọn bo ẹnu rẹ̀, ẹni tó fẹ yàrá náà sí i sì wá da símẹ́ǹtì lé e lórí. Mo bi í pé báwo ló ṣe jìn tó. Ó ní Mawu, Ọlọ́run àwọn Ègùn, nìkan ló mọ̀.

Ó wá ti àjẹ̀ náà sí mi lọ́wọ́. Ó ní kì í ṣe omi nìkan lòun gbọ́.

“Mú un. Mi ò lè fi gbọ́ ẹja mọ́.”

N kò bi í ní ohun tó kù tó gbọ́.

Ó yé mi lọ́jọ́ yẹn ìdí tí ohùn náà fi ń gòkè. Bí omi bá kún inú kànga, àyè tó kù lókè rẹ̀ á kúrú, ohùn rẹ̀ á sì ga, gẹ́gẹ́ bí ìgò tí ò ń bu omi sí. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ohun tí kò yẹ kí ó balẹ̀ sí ni ìtì àgbọn. Ìwọ náà mọ̀ pé igi àgbọn kì í ṣe ìrókò. Ó ti wà nínú ọ̀rinrin láti ayé ìyá bàbá Àgbà Hùnsù, mo sì ti fi odidi oṣù púpọ̀ gbé àpótí báàsì wíwúwo lé e, tí mò ń fi ohùn tó fẹ́ràn jù lù ú lójoojúmọ́. Mo ká rọ́ọ̀gì. Ilẹ̀ ti sán, ìlà kan tín-ín-rín bí irun orí, ó sì rìn yíká bí ẹnu ìkòkò.

Àbẹ̀kẹ́, èyí ni àṣìṣe mi. Àwọn yòókù eré ọmọdé ni. N kò sọ fún ọ̀gá. Ó ti pè mí ní ẹni tí etí rẹ̀ já geere jù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló dá ẹni méjì dúró nínú wa, ìwọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé ni. Mo ní bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Mo gbé àpótí báàsì lọ sí ògiri kejì, mo fa bọ́tìnì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà lulẹ̀ pọ̀, kí ohunkóhun má baà pe kànga náà mọ́ láìka ibi tí omi bá dé, mo sì kọ “Ẹ má fọwọ́ kàn án” sẹ́yìn ampilifáyà. Gbogbo ìgbà òjò ni ìlà náà máa ń padà. Èmi fúnra mi ni mo máa ń po símẹ́ǹtì sínú agolo mílíìkì, tí mo máa ń fi ìka dí i nígbà tí kò bá sí ẹnì kankan nílé, tí mo sì máa ń da rọ́ọ̀gì bò ó. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó wálé. Kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòló kí ó má rùn ìgbẹ́. Gbogbo òjò tó ń rọ̀ ní Ìkéré láti ìgbà náà, kọ̀rọ̀ yẹn ló ń rọ̀ sí lọ́kàn mi.

Ìmọ̀ràn tó tinú rẹ̀ wá nìyí, òun nìkan ni kí o mú bí o bá máa sọ ìyókù nù. Má ṣe fa ohùn tí o kò tíì mọ orísun rẹ̀ lulẹ̀. Ohun tó bá ń dún láìyẹ, wá a dé ìdí, kí o sì sọ fún ẹni tó ni ilé. Ẹni tó pa ìró mọ́lẹ̀ kò pa ohun tó ń dún.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ẹrù gígùn náà ni àjẹ̀ Àgbà Hùnsù. Ó ti wà lára ògiri pálọ̀ wa láti ìgbà tí mo ti wálé, ìyá rẹ sì ti fi mí rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀ títí. Nígbà tí mò ń wé e lánàá, ó ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, òkè Ìkéré wo lẹ fẹ́ wa ọkọ̀ gùn?” N kò sọ fún un. Dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, má wọlé, fi abẹ rẹ̀ kan símẹ́ǹtì níbẹ̀, kí o sì gbọ́. Àkókò tí omi ga jù lo wà yìí. Ohun tí o bá gbọ́ á jẹ́ kí o gba bàbá rẹ gbọ́.

Lẹ́yìn náà, mú lẹ́tà kejì tó wà nínú àpòòwé yìí fún ọ̀gá rẹ. N kò lẹ̀ ẹ́, kí o lè kọ́kọ́ kà á. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, pé mo mọ̀, pé n kò sọ, pé ìwọ kò lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní kó má jẹ́ kí àlejò kankan tẹ ibẹ̀ ní ìparí oṣù. Kí wọ́n fọ́ símẹ́ǹtì náà láti ẹ̀gbẹ́, kí okùn wà níbàdí ẹni tó bá ń fọ́ ọ, kí wọ́n kó ìtì jíjẹrà náà kúrò, kí wọ́n sì fi iyanrìn kún kànga náà dé ẹnu. Nígbà tí wọ́n bá ṣe é tán, dá àwọn bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí àárín. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbọ́ bí yàrá náà ṣe ń dún ní tòótọ́. Èmi tí mo tò ó, n kò gbọ́ ọ rí.

Ó lè bínú. Ó lè ní òun kò lè gba ọmọ ẹni tó tan bàbá òun jẹ mọ́ra. Mo ti rò ó títí, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Mo mọ bí iṣẹ́ ṣe ṣọ̀wọ́n tó, mo mọ iye ìwé tí o ti kọ kí o tó rí èyí. Bí ó bá ní kí o máa lọ, kó ẹrù rẹ kí o máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ṣì jẹ́ ọmọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ sólfà tí o kọ ránṣẹ́.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kànga yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú. Mo ní Sẹ̀nàmí gbọ́ kànga, Àgbà Hùnsù gbọ́ kànga, èmi náà gbọ́ kànga. Ṣùgbọ́n kànga kì í ní ju ohùn kan ṣoṣo lọ. Ó lè gòkè láti oṣù dé oṣù, ó lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọyẹ́, kò lè fò láti ibì kan sí ibòmíràn láàárín ìṣẹ́jú kan. Kànga kì í kọrin.

Ohùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ohun tí o kọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo mú ìwé náà dání, mo rọra fi ẹnu kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé ìwé. Mi ò kọ orin yẹn létí rẹ rí, n kò tilẹ̀ fi imú kùn ún nínú ilé yìí. Sẹ̀nàmí ti jó téèpù rẹ̀ kí o tó mọ ìwé kà. Ibi tí orin rẹ̀ ti ń yí padà ni o kọ, láìsí àṣìṣe kan, títí kan ibi tó ti máa ń dúró mí.

Sẹ̀nàmí ní ohun tó wà níbẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Bí o bá tún gbọ́ ọ kí wọ́n tó dí ibẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi, má gbè é.

Bàbá rẹ.